Ṣé owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àbí ẹ̀rù kọ́múnísìmù? Ohun tí Amẹ́ríkà ṣe ní Guatemala lọ́dún 1954

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ 300 level ni mí, political science ni mò ń kà. Àwa márùn-ún la wà nínú grúùpù kan tí wọ́n ní ká kọ term paper lórí bí Amẹ́ríkà ṣe yọ ààrẹ Guatemala nípò ní 1954. Àwa méjì sọ pé torí owó kọ́ńpìnnì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, àwọn mẹ́ta yòókù ní rárá, ẹ̀rù kọ́múnísìmù ló bà wọ́n. A ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́kítọ̀ wa dá a padà, ó ní ìtàn lásán la sọ, pé kí ni àríyànjiyàn wa. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, báwo la sì ṣe máa kọ ọ́ tí ò ní wó? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù mà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, kò sì sí ọdún kan tí ìjà yìí kì í ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi, wọ́n á pín sí méjì, ariwo á sọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ rí nǹkan kan. Ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà ni pé ẹ rò pé ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ sọ èkejì nù, bẹ́ẹ̀ sì rèé owó àti ìgbàgbọ́ òṣèlú nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí, ìgbín àti ìkarahun ni, ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ fi hàn bí wọ́n ṣe so mọ́ra, pẹ̀lú ẹ̀rí, ìyẹn ni lẹ́kítọ̀ yín ń wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀, torí ilẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Guatemala ìgbà yẹn, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ Mexico, nínú ọgọ́rùn-ún onílẹ̀, ẹni méjì péré ló di nǹkan bíi ìpín 70 nínú 100 ilẹ̀ oko mú. Ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ wá pọ̀ jù nínú gbogbo wọn kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, kọ́ńpìnnì Amẹ́ríkà kan ni, United Fruit Company, ará Boston, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1899, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbìn tí wọ́n ń kó lọ sílé wọn. Ilẹ̀ wọn tó nǹkan bíi éékà 550,000. Rélùwéè tó ń kó ọjà lọ sétíkun, ìkáwọ́ wọn ló wà, èbúté Puerto Barrios tí wọ́n ń gbà jáde sí òkun Atlantic náà, ìkáwọ́ wọn ni, àwọn ará ibẹ̀ wá ń pè wọ́n ní El Pulpo, ìyẹn ẹran inú omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ yẹn tó jẹ́ pé ibi tó o bá yà sí ọwọ́ ẹ̀ kan á dì ẹ́ mú. Nínú gbogbo ilẹ̀ yìí, wọn ò dáko lórí ìpín 85 nínú 100, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ẹ̀ ni torí àìsàn tó máa ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Jacobo Árbenz, sójà tí wọ́n dìbò yàn ṣe ààrẹ, tó gorí oyè ní March 1951, ló wá gbé òfin kan jáde ní 17 June 1952 tí wọ́n ń pè ní Decree 900. Ohun tí òfin náà sọ ò le rárá: ilẹ̀ oko ńlá tí ẹnikẹ́ni ò bá dá, ìjọba á gbà á, á pín in fún àwọn tí ò nílẹ̀, á sì fún onílẹ̀ ní ìwé gbèsè tí ìjọba á san díẹ̀díẹ̀ títí ọdún 25, pẹ̀lú èlé ìpín 3 nínú 100. Nǹkan bíi ìdílé 100,000 ló rí ilẹ̀ gbà kó tó di pé ohun gbogbo dà rú, bẹ́ẹ̀ ni Árbenz fúnra ẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ tiẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ síbí o, torí ibí ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún ẹ̀yin méjì wà. Iye wo ni wọ́n máa san fún onílẹ̀? Iye tí òun fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tó ń san owó orí lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni United Fruit ti ń sọ fún ìjọba pé ilẹ̀ àwọn ò tó nǹkan kan, kí owó orí má bàa pọ̀. Ìjọba wá ní ó dáa, ohun tẹ́ ẹ sọ la máa san, wọ́n ṣírò ẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Tiquisate, tó lé ní éékà 200,000, owó ẹ̀ jẹ́ $627,572. Ní April 1954 ìwé dé láti Amẹ́ríkà pé $15,854,849 làwọn ń gbà. Ṣé o rí i, ó fi bí ìlọ́po 25 ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹni tó sì kọ ìwé yẹn kì í ṣe lọ́yà kọ́ńpìnnì o, State Department ni, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀. Nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè bá ti ń kọ̀wé béèrè gbèsè fún kọ́ńpìnnì aládàáni, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín pé owó ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn èèyàn tó wà nídìí ẹ̀ náà ńkọ́? John Foster Dulles ni mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, àbúrò ẹ̀ Allen Dulles ni ọ̀gá CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ní Sullivan & Cromwell, iléeṣẹ́ lọ́yà ní New York tó ti ṣiṣẹ́ fún United Fruit rí. Akọ̀wé Ààrẹ Eisenhower, Ann Whitman, ọkọ ẹ̀ ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpolongo fún kọ́ńpìnnì yẹn. Walter Bedell Smith, igbákejì Dulles ní State Department, wá di ọ̀kan lára àwọn dírẹ́kítọ̀ kọ́ńpìnnì náà lẹ́yìn tó kúrò níṣẹ́ ìjọba. Ejò lọ́wọ́ nínú, ẹni tó bá ní kò lọ́wọ́ nínú kò wò ó dáadáa.

Àmọ́ ibí yìí náà ni ọ̀pọ̀ pépà tí mo ti máàkì ti máa ń kú sí. Wọ́n á to orúkọ wọ̀nyẹn jọ, wọ́n á sì kọ ọ́ pé torí náà owó ni. Pé mo bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ rí ò túmọ̀ sí pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe lónìí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ́ńpìnnì yẹn lẹ́yìn tí Árbenz lọ tán: ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 27 June 1954, ọjọ́ karùn-ún, 2 July, ìjọba Amẹ́ríkà kan náà gbé United Fruit lọ sí kóòtù pé wọ́n fẹ́ dá òwò ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, ẹjọ́ yẹn ló sì fà á tí wọ́n fi gbà ní 1958 pé àwọn máa yọwọ́ nínú apá kan òwò àwọn. Òótọ́ ni pé wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ dá ẹjọ́ yẹn dúró tẹ́lẹ̀ kó má bàa ba ètò tí wọ́n ń ṣe láti yọ Árbenz jẹ́, ẹ kọ ìyẹn náà sí i, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì lásán ni ìjọba yẹn, ẹjọ́ ọ̀hún ò ní wáyé rárá.

Ẹ wá wo John Peurifoy, aṣojú Amẹ́ríkà tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ ní 1953. Greece ló ti ń bọ̀, níbi tí ìjọba àti àwọn kọ́múníìsì ti bá ara wọn jagun, ojú tó mú ti ibẹ̀ bọ̀ ló fi wo Guatemala, kò sì gbọ́ èdè Spanish. Ní December ọdún yẹn, òun àti Árbenz jọ jẹun alẹ́, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó. Árbenz ń ṣàlàyé ìwà United Fruit fún un, owó orí, rélùwéè, ilẹ̀, Peurifoy ń dá a padà sórí àwọn kọ́múníìsì tó wà nídìí ìjọba ẹ̀. Nígbà tó délé ó kọ̀wé sí Washington pé tí ọkùnrin yìí ò bá tiẹ̀ ṣe kọ́múníìsì, ó tó lò fún ìyẹn títí èyí tó jẹ́ ojúlówó á fi dé. Ẹni méjì ni wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì kan, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, èkejì ń gbọ́ Moscow, ìyẹn olú ìlú Soviet, ọ̀gá àwọn kọ́múníìsì. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ pépà yín, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì fi òótọ́ pamọ́ torí pé ẹ káàánú Árbenz. Èmi náà káàánú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé àwọn kọ́múníìsì jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n bá a kọ òfin ilẹ̀ yẹn, José Manuel Fortuny tó jẹ́ olórí wọn sún mọ́ ọn gan-an. Ìjókòó mẹ́rin péré ni wọ́n ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nínú ohun tó lé ní àádọ́ta. Amẹ́ríkà ti kọ̀ láti ta ohun ìjà fún Guatemala láti ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, ó wá rà á lọ́dọ̀ àwọn ará Czechoslovakia, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Alfhem gbé e láti Poland wá sí Puerto Barrios ní May 1954. Ọ̀pọ̀ nínú ìbọn yẹn ò wúlò, àmọ́ ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Soviet ń bọ̀, kí ló tún kù tó ń wá?

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ èyí tó wúwo? Ẹ wá orílẹ̀-èdè míì tó ṣe irú ohun kan náà, kẹ́ ẹ wo ohun tí Amẹ́ríkà ṣe sí i. Bolivia ṣe ìyípadà ìjọba ní 1952, wọ́n gba ibi ìwakùsà tin lọ́wọ́ àwọn olówó, wọ́n pín ilẹ̀ ní 1953, Eisenhower kan náà, Dulles kan náà, owó ìrànwọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn! Kí ló yàtọ̀? Àwọn olórí Bolivia tètè jẹ́ kí Washington mọ̀ pé àwọn ò bá kọ́múníìsì ṣe, àmọ́ ẹ rántí o, ibi ìwakùsà yẹn, ti àwọn ìdílé olówó Bolivia ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í ṣe ti Boston. Torí náà Bolivia nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ wá fi Mexico kún un. Ní 18 March 1938 wọ́n gba kànga epo lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì Amẹ́ríkà gan-an, kọ́ńpìnnì ńláńlá, wọ́n pariwo títí, Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn ò rán sójà, wọ́n fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa san nígbà tó yá. Ogun ń bọ̀ ní Yúróòpù, ọ̀rẹ́ ni Amẹ́ríkà ń wá lágbègbè ẹ̀. Owó tó ń dun ọlọ́jà nìkan, ó ṣeé fara dà. Ìgbà tí owó àti ẹ̀rù Soviet pàdé ní ìlú kan náà, ọdún kan náà, ni ìbọn dé.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣe àríyànjiyàn yín gan-an rèé. United Fruit gba Edward Bernays, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ ìpolongo, ó kó àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà lọ sí Guatemala kí wọ́n lọ wò ó, kò mú wọn lọ wo ìwé owó orí, kọ́múnísìmù ló ní kí wọ́n wò. Àwọn olówó yìí mọ̀ pé táwọn bá dé Washington táwọn ní ẹ gbà wá, ilẹ̀ wa ń lọ, wọ́n á tẹ́tí díẹ̀, àmọ́ táwọn bá ní kọ́múníìsì ti wọlé, gbogbo ilé ló máa dìde. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn ìjòyè yẹn létí ni pé ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira ní Amẹ́ríkà, nínú ẹ̀ ni kí olóhun ní ohun ẹ̀ kí ìjọba má fọwọ́ kàn án wà. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ tọkàntọkàn, tó wá rí ìjọba tó gba ilẹ̀ olówó pín fún tálákà, kò dìgbà tẹ́nì kan bá fún un ní kọ́bọ̀ kó tó bínú, ìgbàgbọ́ ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí rìbá ì bá ṣe. Ìyẹn ni mo ṣe pè é ní ìgbín àti ìkarahun.

Ẹ wo déètì náà dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Truman, ààrẹ tó wà ṣáájú Eisenhower, ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ètò kan lórí Guatemala ní 1952, ó dá a dúró. August 1953 ni CIA yọ Mossadegh, olórí ìjọba Iran, nípò, oṣù yẹn náà ni Eisenhower fọwọ́ sí ti Guatemala, èyí tí wọ́n fún lórúkọ PBSUCCESS. Àṣeyọrí ti Iran yẹn wá fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ti Guatemala lọ. Ọ̀rọ̀ ogun fúnra ẹ̀, ẹ má fi ìwé ṣòfò lórí ẹ̀, Castillo Armas, ọ̀gá sójà Guatemala kan tí CIA gbé dìde láti rọ́pò Árbenz, wọlé láti Honduras ní 18 June pẹ̀lú èèyàn tí ò tó 500, rédíò tó ní inú igbó Guatemala lòun ti ń sọ̀rọ̀, Miami ni wọ́n ti ń gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, àwọn sójà Árbenz ò jà torí ẹ̀rù pé Amẹ́ríkà gan-an ló ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ti ẹ̀rí, ìwé CIA lórí iṣẹ́ yìí ti jáde síta láti 1997, State Department náà tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹ̀ ní 2003, méjèèjì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin márùn-ún, ẹ pín in kà: kí ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ ní owó ni máa wá ibi tí àwọn ìjòyè ti ń dárúkọ kọ́múnísìmù, kí àwọn mẹ́ta yẹn máa wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ United Fruit. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí tó ta ko ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló máa ń kọ pépà tó dúró.

Ẹ má fi àwọn tó gba ilẹ̀ sílẹ̀ nínú ìparí yín. Nígbà tí Castillo Armas di ààrẹ, ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yẹn padà lọ́wọ́ wọn, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1960, kò tán títí 1996, nǹkan bíi èèyàn 200,000 ló bá a lọ, ọmọ Maya ló sì pọ̀ jù nínú wọn, irú àwọn èèyàn tí Decree 900 fẹ́ fún nílẹ̀. Ní March 1999 Clinton lọ síbẹ̀, ó gbà lójú wọn pé ó burú bí Amẹ́ríkà ṣe ti àwọn sójà tó ń pa wọ́n lẹ́yìn.

Apá Bolivia àti Mexico ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, òun ló le jù. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di pé ẹ lọ fún lẹ́kítọ̀ yín, màá kà á.