Ṣé igi óákù tí inú rẹ̀ ti ṣófo ti kú ni?

Ẹni tó béèrè rí àwòrán igi óákù ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ihò inú rẹ̀ tó yàrá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá igi náà ti kú.

Rárá o. Abẹ́ èèpo igi gan-an ni omi àti oúnjẹ rẹ̀ ń gbà kọjá, kì í ṣe àárín. Àárín igi àgbà ti kú tipẹ́tipẹ́. Olú tó ń hù lára igi ló máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ohun tó bá sì jẹrà níbẹ̀ a di ajílẹ̀ fún igi kan náà. Àdán, òwìwí àti oríṣiríṣi kòkòrò a fi ihò náà ṣe ilé, ìdí nìyí tí mo fi ka irú igi bẹ́ẹ̀ sí ìlú odindi.

Ẹ wo igi tí wọ́n ń pè ní óákù Bowthorpe ní Lincolnshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: yíká ìdí rẹ̀ lé ní mítà 12, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ti ju 1,000 ọdún lọ. Àwọn èèyàn ti jókòó jẹun nínú rẹ̀ rí!

Ọ̀kan lára ohun tó ń pa irú igi bẹ́ẹ̀ lára ni ẹsẹ̀ àwa èèyàn. Ní igbó Sherwood, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, àwọn àlejò tẹ ilẹ̀ ìdí óákù àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Major Oak títí ilẹ̀ náà fi le gbagidi, tí omi àti afẹ́fẹ́ kò fi rí ọ̀nà dé gbòǹgbò dáadáa. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣe ọgbà yí i ká.

Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ lọ wo ẹ̀ka rẹ̀ lóṣù karùn-ún: ewé tuntun yóò dá yín lóhùn.