Mo pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì mi: báwo ni mo ṣe máa ṣe íméèlì?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 67 ni mí, Peckham ní London ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá mo kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ra íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2009, mo bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn tí owó rẹ̀ fúyẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà nínú èyí tí mo rà, wọn ò fi íméèlì kún un. Ọmọ mi fi Thunderbird, áàpù tí wọ́n fi ń ka íméèlì, sórí laptop mi kó tó padà sí Manchester, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. IMAP, POP, SMTP, port: kí ni gbogbo rẹ̀? Ṣé àdírẹ́sì mi àtijọ́ á ṣì máa ṣiṣẹ́?
Ìyá Bọ́lá

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ìdúró. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ bi kẹ́yìn, nítorí pé òun ni kò le dúró. Àdírẹ́sì yín àtijọ́ kì í ṣe tiyín. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ni ín, wọ́n sì lè tì í nígbàkígbà tó bá wù wọ́n lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ó ti rọrùn ní Britain láti pààrọ̀: ilé-iṣẹ́ tuntun tí èèyàn ń lọ bá ló ń bá ti àtijọ́ parí ọ̀rọ̀, kò dọwọ́ pé à ń pè wọ́n láti dágbére. Ìyẹn dára, àmọ́ ó ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí kúrò láìrántí íméèlì wọn rárá. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á fi àpótí náà sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kó tó pa á rẹ́, òmíràn á ní kí ẹ máa san owó lóṣooṣù bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa lò ó. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan Thunderbird, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n léèrè: ọjọ́ wo ni ẹ máa ti íméèlì mi? Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà.

Ẹ ó rántí bí lẹ́tà ṣe ń dé ọwọ́ wa nílé láyé ọjọ́sí. Ẹni tí kò ní àpótí tirẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ á ní kí wọ́n kọ lẹ́tà òun sí àpótí ọ̀gá iléèwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá kọ c/o síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá lọ sí iléèwé mìíràn ní Òṣogbo, lẹ́tà àti ẹni tó ni ín kò tún ríra wọn mọ́. Àdírẹ́sì íméèlì tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bá fún èèyàn, c/o náà ni. Waya tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé yín, ojú ọ̀nà ni; íméèlì ni àpótí lẹ́tà. Ẹni tó la ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ni àpótí yín, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá yí ọ̀nà padà, ẹ ó ṣì nílò àpótí. Inú mi dùn pé wọn ò fi íméèlì kún èyí tí ẹ rà. Ká ní wọ́n fún yín ni, ẹ̀ bá tún lò ó, ọ̀rọ̀ yìí á sì tún padà wá lọ́dún mélòó kan sí i.

Ẹ lọ ṣí àpótí tara yín ní Gmail tàbí Outlook.com. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Gmail ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Àyè 15 GB ló ń fún èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò tí ẹ bá tọ́jú sọ́dọ̀ Google wà nínú àyè kan náà. Ẹ má ṣe fi ọdún ìbí yín sínú orúkọ àdírẹ́sì náà. Bí wọ́n bá bèèrè nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè fi ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà fóònù alágbèéká yín ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ ti fóònù ilé tó bá íntánẹ́ẹ̀tì wá, òun náà lè bá wọn lọ.

Ó wá ku Thunderbird. Orúkọ yín, àdírẹ́sì tuntun àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín, á wá ìyókù fúnra rẹ̀. Ojú ewé Google á ṣí, ẹ wọlé níbẹ̀, ẹ gbà fún un. Bó bá ní kí ẹ mú nínú IMAP àti POP, tí wọ́n jẹ́ ọ̀nà méjì láti gba lẹ́tà tó ń wọlé, ẹ mú IMAP. POP máa ń kó lẹ́tà wá sórí laptop kan ṣoṣo, ó sì sábà máa ń kó o kúrò níbi tó ti wá. Bí olè bá gbé laptop lọ, ó gbé lẹ́tà lọ nìyẹn. Pẹ̀lú IMAP, lẹ́tà dúró sọ́dọ̀ Google, laptop àti fóònù yín á sì máa rí ohun kan náà.

Bí kò bá dá rí i fúnra rẹ̀, àwọn ohun tí ẹ ó kọ nìyí: fún lẹ́tà tó ń wọlé, imap.gmail.com, port 993, SSL/TLS. Fún èyí tó ń jáde, smtp.gmail.com, port 465, SSL/TLS. Orúkọ tí ẹ fi ń wọlé ni àdírẹ́sì yín lódindi, tó fi dé gmail.com. Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè irú ìfẹ̀rí-ẹni-hàn (authentication), OAuth2 ni. Ẹ ka port sí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà: ilé kan náà, ilẹ̀kùn tó yàtọ̀ fún iṣẹ́ tó yàtọ̀.

Orí SMTP, ìyẹn ọ̀nà tí lẹ́tà fi ń jáde, ni mo ti máa ń rí èèyàn tó ń ṣubú jù lẹ́nu iṣẹ́ mi. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí èèyàn kọ SMTP ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un, àti port 25, àwọn ojúlé wẹ́ẹ̀bù àtijọ́ sì ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ti port 25 pa mọ́ àwọn onílé nítorí àwọn kọ̀ǹpútà tí àrùn wọ̀ tí wọ́n ń fi í tú ìjẹkújẹ íméèlì (spam) sáyé. Yàtọ̀ síyẹn, ilé-iṣẹ́ íméèlì ẹni tó ń gba lẹ́tà yín á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àdírẹ́sì náà ló ti wá lóòótọ́. Bí ẹ bá fi orúkọ Gmail kọ lẹ́tà, tí ẹ gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ránṣẹ́, inú àpótí ìjẹkújẹ ló lè já sí. Ẹni tó ni àpótí ni kó bá yín gbé lẹ́tà jáde.

Tí ẹ bá sì ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà yín kò tọ́ nígbà tí ẹ mọ̀ pé ó tọ́, ẹ̀bi yín kọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Google kò ti gbà mọ́ kí áàpù àtijọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà lásán. Thunderbird tó jẹ́ ti ìsinsìnyí kò ní ìṣòro yẹn.

Ẹ má yọ àdírẹ́sì àtijọ́ kúrò o. Ẹ fi òun náà sínú Thunderbird gẹ́gẹ́ bí IMAP, kí àpótí méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lápá òsì. Ẹ wá máa fa àwọn lẹ́tà tó ṣe pàtàkì láti inú ti àtijọ́ sínú ti tuntun. Tó bá pọ̀, á pẹ́, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì olówó kékeré sábà máa ń lọ́ra láti gbé nǹkan jáde nílé ju bó ṣe ń gbé e wọlé lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, ẹ lọ sùn. Nítorí ìdí yìí kan náà, ẹ má fi fọ́tò ìsọmọlórúkọ ogójì sínú íméèlì kan; 25 MB ni Gmail gbà mọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ máa yí àdírẹ́sì yín padà níbi gbogbo: báńkì, HMRC (àwọn agbowó-orí), NHS, kánsù, báńkì yín nílé ní Nàìjíríà. Báńkì ni kó ṣíwájú. Àwọn kan nínú wọn lè fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì *àtijọ́* kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ yí i. Ìdí tí mo fi sọ pé kí ẹ bèèrè ọjọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti tì í, nọ́ńbà náà kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó sì máa sáré láti fi ìwé ẹ̀rí hàn níbi tí ìṣẹ́jú méjì ì bá ti tó.

Lásìkò yìí, ẹ lè rí lẹ́tà tó ní àpótí yín ń kú lọ, kí ẹ tẹ ibì kan láti gbà á là. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ iṣẹ́ gbájúẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó ilé-iṣẹ́ náà.

Bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ máa yẹ àpótí àtijọ́ wò ní àárọ̀ àárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tún kọ̀wé síbẹ̀, ẹni tí ẹ kò tíì fún ní àdírẹ́sì tuntun nìyẹn. Ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìpolówó ọjà nìkan ń wọlé síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í.