Èsì: Ọmọ ajá tó ń tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ ní ọmọ ajá yín, ọmọ oṣù 3, kì í tọ̀ síta, àfi tó bá wọlé tán, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ nà án. Ẹ má nà án rárá, ẹ má sì ti imú rẹ̀ bọ ìtọ̀. Ohun tí ìyẹn máa kọ́ ọ ni kó máa lọ tọ̀ sẹ́yìn àga.

Ní ọjọ́ orí yẹn, agbára káká ló fi lè mú ìtọ̀ mọ́ra fún wákàtí 3, pàápàá ajá kékeré. Ẹ gbé e jáde tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó bá jẹun tán, tó bá ṣeré tán. Ojú kan náà ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Bó bá ti tọ̀ tán, níbẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti yìn ín, kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan jẹ. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé, á rò pé torí wíwọlé ni.

Bí kò bá tọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e mọ́ra wọlé, ẹ má jẹ́ kó rìn kiri, kẹ́ ẹ tún gbé e jáde láìpẹ́. (Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán!) Ẹ má fi ọṣẹ tó ní amóníà fọ kápẹ́ẹ̀tì o, òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀.

Tó bá ń tọ̀ léraléra ní díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.