Irú ìwé alàwòrán wo ni òbí lè fi kọ́ ọmọ kékeré ní ìwé kíkà?

Fún ọmọ ọdún 4 tàbí 5, ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni kí ẹ wá: gbólóhùn kan tàbí méjì lójú ewé, lẹ́tà tó tóbi, àwòrán tó bá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mu. Èyí tí gbólóhùn kan náà ń padà wá nínú rẹ̀ ló dára jù lójú tèmi. Bí ojú ewé kìíní bá ní "Ajá sùn," tí èkejì ní "Ológbò sùn," kí ẹ tó dé ẹ̀kẹta, ọmọ á ti fẹ́ bá yín pe "sùn."

Bí ẹ ṣe ń kà á ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀, kí ojú ọmọ lè máa tẹ̀ lé e. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ bi í pé, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?" Ìwádìí tí Grover Whitehurst, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1988 fi hàn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọmọdé tètè mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Tí ọmọ bá wo àwòrán tó sì méfò ọ̀rọ̀, ẹ má bá a wí. Ẹ ní kó wo lẹ́tà àkọ́kọ́ bóyá ó bá ohun tó sọ mu. Tó bá sì ní kí ẹ ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kẹwàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún un. Àtúnkà yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dá ọ̀rọ̀ mọ̀.