Kọ̀ǹpútà kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wá

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní omíyalé ba ọ́fíìsì lọ́yà mẹ́ta tí ẹ mọ̀ jẹ́, pé ẹ ń kó kọ̀ǹpútà jọ fún wọn, irú èwo ló dára? Ibi tí èmi náà ti ṣìṣe gan-an nìyẹn. Nígbà tí omi wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ́yà tí mò ń bójú tó ẹ̀rọ wọn, láptọ́ọ̀pù tuntun mẹ́rin ni mo gbé lọ lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n wá jókòó tì wọ́n. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi wọ́n ṣe.

Orí fóònù ọ̀gá ni kóòdù tí wọ́n fi ń wọ íméèlì máa ń bọ́ sí, omi sì ti gbé fóònù náà lọ. A mọ ọ̀rọ̀ aṣínà dáadáa, kóòdù ni a ò rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ilé-iṣẹ́ fóònù fi dá wa lọ bọ̀ kí wọ́n tó fi nọ́ńbà yẹn sórí síìmù tuntun fún wa. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìwé kóòtù ń wọlé síbi tí a ò lè ṣí, àwọn oníbàárà sì ń pe nọ́ńbà tí kò dún. Méjì nínú wọn ti gba lọ́yà mìíràn. Nítorí náà, síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wọn sá kiri. Lọ́jọ́ tí íméèlì yẹn ṣí, ìdajì ọ́fíìsì ló padà dé.

Ọjọ́ ẹjọ́ ló kàn. Inú ìwé ńlá kan lórí tábìlì akọ̀wé ni gbogbo rẹ̀ wà, ìwé náà sì ti di ẹ̀kọ. Ojú ewé kan ṣoṣo ni mo là fún wọn lórí kọ̀ǹpútà: orúkọ oníbàárà, kóòtù wo, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí àyè ìfìwésílẹ̀ máa pin. A ń fi ohun tí a rí nínú íméèlì kún un, a ń bẹ àwọn akọ̀wé kóòtù. Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni lọ́yà tó ti ń bá ọ̀gá du ẹjọ́ kan fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìwé ẹjọ́ náà ló fi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò retí ìyẹn rárá. Wọ́n á sọ fún yín pé ìjọba máa sún gbèdéke síwájú. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka àṣẹ náà fúnra rẹ̀, torí àṣẹ ìpínlẹ̀ kan kì í dé kóòtù ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ìwé tó tutù kò ní sùúrù. Láàárín wákàtí 48, èbu lè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣí i ní ewé-ewé, ẹ má sá a sóòrùn. Èyí tí ẹ ò bá ráyè gbẹ lọ́jọ́ náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ kó o sí firísà. Dídì náà ló máa dá ìbàjẹ́ dúró títí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi dé. Ìwé ìhágún tí wọ́n fọwọ́ sí àti ìwé ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí irú rẹ̀ bá ti lọ, lọ́yà gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ABA, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ràn 482 tí wọ́n gbé jáde ní 2018.

Ẹ̀rọ tí omi wọ̀, ẹ má tàn án wò. Mo tan ọ̀kan, ó ta páá, ó parí. Hádì díráìfù tí wọ́n ń kó ẹ̀dà fáìlì pamọ́ sí ńkọ́? Inú dúróà abẹ́ tábìlì kan náà ló wà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ o. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti bá fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ tọkọtaya kan, orúkọ wọn hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀. Omi ò fọ àṣírí oníbàárà dànù.

Ní ti kọ̀ǹpútà tí ẹ béèrè, èyíkéyìí tí kò bá tíì gbó jù ni. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì tan ètò tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà lè ka ohun inú rẹ̀ kó tó kan fáìlì ẹnikẹ́ni. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ ra skánà, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tó ń fa ìwé fúnra rẹ̀. Òun ni wọn ò jẹ́ kó sinmi títí dòní.