Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ márààrún fún ìyàwó àti ọmọ

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Òkè-Báálẹ̀, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ sí Ìlú Ọba nígbà họlidé gígùn láti lọ wo kíríkẹ́ẹ̀tì Test, eré kan ṣoṣo tó lè gba ọjọ́ márùn-ún, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ márààrún, kí owó ọkọ̀ òfuurufú má bàa ṣòfò. Rárá o. Mo ti rin ọ̀nà yẹn láti Òṣogbo níbí ní 2023, gbogbo òkúta tó wà níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ. Ọjọ́ kan péré ni kí ẹ rà fún gbogbo ilé. Tí ojú yín kò bá tíì kúrò níbẹ̀, ẹ ra ọjọ́ kan sí i fún ẹ̀yin nìkan.

Ẹ wò ó, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ta ló ń fi gbogbo ọjọ́ méjìlá jókòó sójú kan? Wọ́n á ṣe Ìwọ́pópó, wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, ẹni tó bá ráyè á yà wò ó. Ọjọ́ Arugbá ni tọmọdé tàgbà ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Test. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ogójì ìṣẹ́jú jẹun ọ̀sán, wọ́n á fi ogún mu tíì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á ti lù kí wọ́n tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ófà 90 ló yẹ kí wọ́n jù lójúmọ́ (mi ò sọ ti ìlú Ọ̀fà o), bọ́ọ̀lù mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí bàbá mi fi kíríkẹ́ẹ̀tì tọ́ dàgbà, tí òun náà kọ́ ọ ní Government College Ìbàdàn, mo lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ ọdún méje kò lè ṣe é. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Dádì, ta ló ń borí?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ó ní, "Ìgbà wo la máa mọ̀?" Mo ní, "Lọ́la." Ó wò mí bí ẹni tí mo lù ní jìbìtì.

Físà ńkọ́? Òun ló kọ́kọ́ nà mí lẹ́gba. Wọn kì í gba ìwé físà àbẹ̀wò yín tí ọjọ́ ìrìnàjò bá ṣì ju oṣù mẹ́ta lọ, nítorí náà ọjọ́ tó bá ti ku oṣù mẹ́ta gééré ni kí ẹ fi sílẹ̀. Olúkúlùkù ọmọ ló ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó ní owó tirẹ̀. Wọn ò fún wa lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀bi mi sì ni. Mo ní kí ìbátan mi kan bá mi fi owó gọbọi sínú àkáǹtì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kó lè dùn ún wò. Àwọn tó ń yẹ̀wé wò kàn fẹ́ mọ ibi tí owó òjijì náà ti ṣẹ̀ wá ni. Owó fọ́ọ̀mù èèyàn mẹ́rin wọgbó, wọn kì í dá a padà. Nígbà kejì, owó oṣù mi àti owó tó ń wọlé láti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ní Ìgbọ́nà ni mo fi hàn bó ṣe rí, láìfi àbùlà kankan sí i. Wọ́n fún wa. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti Òṣogbo lọ Èkó lọ tẹ̀ka.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ bá pé, ẹ sùn sí Èkó mọ́jú. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí gosiló ọ̀nà Ìbàdàn fojú wa rí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Peckham ní London ló bá wa forúkọ sílẹ̀ fún ìbò tíkẹ́ẹ̀tì (gègé ni wọ́n fi ń mú ẹni tó máa rí rà), torí Ashes ni, ìdíje Test láàárín England àti Ọsirélíà, gbogbo ayé ló ń dù ú. Ọjọ́ kẹrin ló bọ́ sí wa lọ́wọ́, Sunday 30 July, ní pápá The Oval. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Stuart Broad, ajùbọ́ọ̀lù England, kéde pé eré òun parí síbẹ̀. England ṣì ń gbá bátì lọ́wọ́, wíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù fún wọn, ìyẹn ni pé tí ẹnì kan bá tún jáde, ó parí. Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ̀ pé kó tó di aago mọ́kànlá ló yẹ kéèyàn ti jókòó.

Bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ ìyàwó mi ní mọ́ínmọ́ín kò tíì jinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kan fẹ́ tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà àwọn tó ń yẹ àpò wò. A ṣì wà lórí ìlà nígbà tí ariwo sọ lọ́hùn-ún bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí: àwọn ará Ọsirélíà ti tò sọ́tùn-ún sósì láti yẹ́ Broad sí bó ṣe ń wọlé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù tí Mitchell Starc tiwọn jù kọjá okùn láì kanlẹ̀, run mẹ́fà (run ni àmì ayò wọn). Bọ́ọ̀lù tó gbá gbẹ̀yìn láyé rẹ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù 11 péré ni England gbá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí a fi rí àga wa, wọ́n ti parí, run 395. Mọ́ínmọ́ín náà dùn o, mi ò ní purọ́.

Ọ̀sán pọ́n, òjò dé. Ó ti kan Ọsirélíà láti gbá bátì, wọ́n sì ti ní run 135 láìsí ẹni tó jáde. A jókòó sábẹ́ òjò títí wọ́n fi ní ká máa lọ. Kọ́bọ̀ kan ò padà wá, torí iye ófà tí wọ́n bá jù ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìdápadà, èyí tí wọ́n sì ti jù lọ́jọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì. Ohun mìíràn nìyí: tí ẹ bá lè yàn, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ kó wọn lọ. Ọjọ́ kẹrin lè má sí rárá tí ẹgbẹ́ kan bá tètè wó, ìkarùn-ún tún wá burú jùyẹn lọ. Ẹ kó súẹ́tà àti aṣọ òjò dání, July ni o.

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò mi bá mi rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan. Mo kọ̀ ọ́, torí mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé ọjọ́ náà la máa fi nájà ní Rye Lane, ọ̀la rẹ̀ la sì ń padà sílé. Bó ṣe di pé inú ṣọ́ọ̀bù bàtà ni mo dúró sí nìyẹn, àpò mẹ́ta lọ́wọ́, fóònù létí. Broad yí igi kéékèèké tó wà lórí òpó mẹ́ta ẹ̀yìn agbábátì padà bíi babaláwo, bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e lé Todd Murphy ti Ọsirélíà jáde. Kò pẹ́, ó lé Alex Carey, ẹni ìkẹyìn wọn, jáde náà, ó tán. England fi run 49 borí. Mo pariwo, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wò mí.

Ìyàwó mi ní, "Wọ́n ti jẹ?"

Mo ní, "Wọ́n ti jẹ."

Ó ní, "Ó dáa. Bá mi di èyí mú."