Ọmọ wà ní SS2, ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, àmọ́ kò fẹ́ rí físíìsì sójú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́ ni mo ti ń ta èlùbọ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ọmọ ọdún 15 ni, àtikékeré ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòún máa ṣe. Àmọ́ ó ti ń sọ báyìí pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú físíìsì torí kò yé òun, kóun mú jọ́gíráfì dípò ẹ̀. Ẹnì kan tá a jọ ń tajà ní tó bá kù díẹ̀ kó wọ SS3 kí n gbé e lọ síléèwé kan lábúlé tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe é nígbà WAEC, pé ibẹ̀ ni tòun ti gba A. Ẹlòmíì tún ní kí n jẹ́ kó fi JAMB dánra wò lọ́dún yìí. Orí mi ti fẹ́ dàrú, èwo ni kí n ṣe?
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Àkúrẹ́

ÈSÌ: Màmá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi dùn pé SS2 lẹ ti béèrè, torí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí àfi tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, ẹ̀pa ò sì ní fẹ́ bóró mọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí físíìsì bẹ̀rẹ̀, òun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́, kẹ́mísìrì àti físíìsì ló máa ṣe ní JAMB, kò sí jọ́gíráfì níbẹ̀ rárá. Tó bá wá di ti WAEC, kírẹ́díìtì ni wọ́n fẹ́ rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn pẹ̀lú ìṣirò. Tó bá fi lè jáwọ́ nínú físíìsì ní SS2 yìí, ó ti pa UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà l'Ondo níbí, tì nìyẹn, kódà àwọn iléèwé nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe yunifásítì náà máa béèrè físíìsì lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́nì kan má sì sọ fún yín pé á lọ fi GCE tún un ṣe tó bá yá o, ohun tọ́mọ ò kọ́ níléèwé fún odindi ọdún méjì, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní oṣù mẹ́ta?

Ohun tí mo ti rí lára ọ̀pọ̀ ọmọ ni pé físíìsì fúnra ẹ̀ kọ́ ni ò yé wọn, bí wọ́n ṣe ń ka ìbéèrè ni. Ẹ bá a wá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ì báà jẹ́ ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Àkúrẹ́ yín, kan ládùúgbò yín, ẹ ní kó má tíì kọ́ ọ ní tuntun kankan, kó kàn ní kí ọmọ yín máa túmọ̀ ìbéèrè lẹ́nu ara ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan fọ́múlà. Bí wọ́n bá ní mọ́tò kan gbéra láti ibi tó dúró sí, tí eré ẹ̀ wá ń pọ̀ sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé "ó dúró tẹ́lẹ̀, u, ìyẹn eré tó fi bẹ̀rẹ̀, jẹ́ òdo nìyẹn", kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ àáyá 10 náà sábẹ́ ẹ̀, kó tó kọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń wá u yẹn títí torí wọn ò rí nọ́ńbà kankan nínú ìbéèrè, wọ́n á wá ní físíìsì le.

Ti iléèwé abúlé yẹn, màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ yín lọ síbẹ̀. WAEC lè fagi lé èsì, ọmọ tó kàwé àtèyí tí ò kàwé á jọ máa sunkún. Ká tiẹ̀ ní A náà jáde, òun nìkan ló máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB, òun náà ló máa ṣe post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Tó bá sì di nọ́ọ̀sì, òun ló máa wọn oògùn sínú abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kò séèyàn tó máa bá a ṣe ìyẹn.

JAMB àfidánrawò ńkọ́? Rárá o. Kò tíì ka físíìsì SS2 tán, kí ló fẹ́ fi dáhùn? Owó fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ fi kún ti olùkọ́ físíìsì. Kó máa fi pásìkúẹ́ṣìn dánra wò nílé, ìbéèrè 180 ni, Gẹ̀ẹ́sì 60, àwọn tó kù 40-40, wákàtí méjì péré, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Tí kò bá mọ máòsì lò, kíbọ́ọ̀dù náà tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Kó kàn rí kọ̀ǹpútà gidi fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù nìkan ò tó.

Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lálẹ́ òní: ẹ kó sílíìpù NIN ẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀ àti káàdì èsì iléèwé ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Inú NIN ni JAMB ti máa ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí jáde. Tí ti NIN bá jẹ́ Oluwaseun tí tiléèwé sì jẹ́ Seun, àsìkò yìí ló yẹ kẹ́ ẹ tún un ṣe, iléèwé ò tíì fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC. Àṣìṣe ọjọ́ ìbí ló máa ń náni lówó jù. Ẹ sì wò ó dáadáa, torí ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé 16 kó tó wọ yunifásítì, ẹ má dá àwọn tó ṣì ń pariwo 18 lóhùn, ìjọba ti yí ìyẹn padà lọ́dún 2024.

Tó bá jẹ́ owó iléèwé ló ń bà yín lẹ́rù, NELFUND ń yá ọmọ yunifásítì ìjọba lówó láìsí èlé, iléèwé ni wọ́n ń san án fún tààrà. NIN kan náà yẹn ni wọ́n máa béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, SS2 ni mo wà l'Ondo, injiníà ni mo fẹ́ ṣe ní FUTA. Iléèwé wa ò ní fọ́dà máàtì, ṣé mo ṣì lè wọlé?

ÈSÌ: O lè wọlé, àbúrò. Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ni wàá mú ní JAMB, fọ́dà máàtì kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n calculus wà nínú sílábọ́ọ̀sì ìṣirò JAMB, ọ̀pọ̀ iléèwé kì í sì í kọ́ ọ délẹ̀. Wa sílábọ́ọ̀sì náà jáde lórí ibass.jamb.gov.ng, ọ̀fẹ́ ni, kó o bẹ̀rẹ̀ differentiation, apá kan nínú calculus náà, nínú họ́lídé tó ń bọ̀ yìí. Ibi tó bá há ẹ, da ìbéèrè náà kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.